Rọ́fúlà Tí Kò Láhọ́n

Ọjọ́ Ajé, Ìbàdàn

Kí n tó gbéra, mo tú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì ọ̀gá mi palẹ̀ sórí tábìlì ìgéṣọ. Ọdún kejì rèé tí ọ̀gá mi ti papò dà. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé máṣíìnì alátẹ̀sẹ̀ náà fún mi torí pé èmi ni mo ṣe fíríìdọ̀mù kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀. Singer dúdú ni. Lẹ́tà méjì ló ṣáájú nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, E sì ni àkọ́kọ́. Ìyẹn ni pé Clydebank ní Scotland ni wọ́n ti ṣe é, kò sì dàgbà ju 1935 lọ. Àwọn tí wọ́n ti ṣe níbẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, lẹ́tà kan péré ló máa ń wà níwájú nọ́ńbà wọn, bíi F tàbí Y. Ọdún 1885 ni wọ́n parí kíkọ́ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì tì í pa ní 1980. Èyí tó wà níwájú mi ṣì ń rán aṣọ.

Nínú dúrọ́ọ̀ apá òsì ni agolo Bournvita kan wà. Nígbà tí à ń kọ́ṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo dà á sórí kálíkò funfun lówùúrọ̀ yìí, mo sì ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa aránṣọ a máa pe gbogbo wọn ní fúùtì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kọjá ti ẹsẹ̀ tó kàn ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Èyí tó ń ṣẹ́tí wà níbẹ̀, imú rẹ̀ ká bí ìkarahun ìgbín. Aṣọ á wọlé síbẹ̀ ní pẹlẹbẹ, á jáde ní kíká. Èyí tó ń lé bàyáàsì mọ́ etí aṣọ wà níbẹ̀. Irin ìṣẹ́tí ńlá tí wọ́n fín ínṣì sí lára wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bọ́bìnì mọ́kànlá, abẹ́rẹ́ tó ti dógùn-ún, ààbọ̀ bọ́tìnì kan, lẹ́yìn náà ni irin kan tó wúwo ju gbogbo wọn lọ, tó sì ní apá bíi ti alákàn. Rọ́fúlà nìyẹn, irin tó ń sún aṣọ jọ. Wọ́n tẹ SIMANCO sí i lára, ìyẹn ìkékúrú orúkọ ilé iṣẹ́ Singer, nọ́ńbà sì tẹ̀ lé e: 86642.

Fún ẹni tí kò lò ó rí, báyìí ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Apá rẹ̀ tó là bíi fọ́ọ̀kì máa ń há mọ́ síkúrù tó di abẹ́rẹ́ mú. Bí abẹ́rẹ́ bá ń lọ sókè sódò, apá náà ń bá a lọ, á sì máa ti ahọ́n irin pẹlẹbẹ kan síwájú sẹ́yìn nísàlẹ̀. Ahọ́n yìí ní eyín wẹ́wẹ́ lẹ́nu. Òun ló ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, tó ń ṣẹ́ ẹ po. Ahọ́n kejì wà lábẹ́ rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí eyín yìí àti eyín máṣíìnì fojú kanra. Àárín ahọ́n méjèèjì ni aṣọ tí a fẹ́ ṣẹ́ po ń gbà kọjá. Níwájú rẹ̀ ni a ti ń yan iye: bí a bá fi sí 1, á ṣẹ́ aṣọ po nígbàkígbà tí abẹ́rẹ́ bá gún, bí a bá fi sí 6, ó di ìgúnkẹfà, bí a bá fi sí 12, ó di ìgúnkejìlá. Ìràwọ̀ kékeré tó wà níbẹ̀ ń sọ fún un pé kó sinmi, kó jẹ́ kí máṣíìnì máa rán lọ gbọọrọ.

Rọ́fúlà ọ̀gá mi kò láhọ́n. Ara rẹ̀ dá ṣáká, fọ́ọ̀kì rẹ̀ gún régé, ṣùgbọ́n ojú síkúrù nìkan ló kù níbi tí ahọ́n méjèèjì wà tẹ́lẹ̀.

Mo sì ní iṣẹ́ nílẹ̀. Gáùn funfun méjìdínlógún fún àwọn ọmọdé tó fẹ́ ṣe àjọ̀dún ní ṣọ́ọ̀ṣì, gáàdà ìlà mẹ́ta mẹ́ta sì ni wọ́n fẹ́ sí ìdí rẹ̀. Yáàdì mẹ́rin ni a óò sún jọ di méjì lórí ìlà kan. Ẹni tó bá ti fi òwú gígùn rán etí aṣọ, tó wá ń fa òwú náà kí aṣọ lè sún jọ, tí òwú wá já nígbà tó ku díẹ̀, á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí n kò ra tuntun. Mo ti ra méjì rí. Ríbẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tú kí oṣù mẹ́ta tó pé, èkejì ń jẹ léèsì bí eku. Ara rọ́fúlà ọ̀gá mi yìí kò mì rárá títí di òní.

Nírọ̀lẹ́, mo dé ọ̀dọ̀ bàbá télọ̀ kan nítòsí Ọjà'ba tó ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ nítorí ojú tó ń dùn ún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"Oo, ọmọ mi. Káàbọ̀."

"Àwọn fúùtì máṣíìnì àtijọ́ ni mò ń wá, sà. Èyíkéyìí tí ẹ bá ní nílẹ̀."

Bàbá wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo dà wọ́n fún àwọn onírin kóńdẹ́mù. Ìwọ̀n ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, àti irin bẹ́ẹ̀dì ìyàwó mi. Kí ni mo tún fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Mi ò lè dá bàbá lẹ́bi. Àmọ́ ó dùn mí wọ inú eegun. Irin tí ẹnìkan jókòó, tó ro bí aṣọ ṣe ń yí, tó ká imú rẹ̀ kí etí aṣọ lè gba ibẹ̀ láì dàrú, ni wọ́n yọ́ mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì. Kí n tó dìde, bàbá rántí ọ̀pá kékeré kan tó fi ń gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbé e sókè sí iná. Ọ̀pá ìtọ́nà ni, èyí tí a máa ń ki bọ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ máṣíìnì kí ìlà kan lè jìnnà sí ìkejì bákan náà tí a bá ń rán aṣọ tí a tẹ́ òwú sáàárín. Ó fún mi, kò gba kọ́bọ̀. Mo ra ìkọ́ kọ́kọ́rọ́ tuntun fún un ní ìta kí n tó lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Abẹ́òkúta

Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ ní Mọ́níyà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju mọ́tò lọ báyìí, torí mo lè tẹ́ áńkáṣíìfù sórí ẹsẹ̀ mi kí n máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nu irin títí a fi dé Láderin. Ibùdókọ̀ tí wọ́n sọ ní orúkọ Wọlé Ṣóyínká nìyẹn. Ó jìnnà sí àárín ìlú díẹ̀. Mo wọ tasíì lọ sí Ìtòkú.

"Àrẹ̀dú o!" ni mo ń kí àwọn ìyá aláró bí mo ṣe ń kọjá. Kì í ṣe adìrẹ ni mo wá rà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá irin ìránṣọ kò gbọdọ̀ fo Ìtòkú. Kì í ṣe ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń rán adìrẹ alábẹ́rẹ́ níbí. Àwọn ọkùnrin ti ń fi máṣíìnì rán an láti ìgbà pípẹ́: wọ́n á ṣẹ́ aṣọ po ní ìlà ìlà, wọ́n á fi máṣíìnì gún un pinpin, wọn á wá rì í sínú aró. Ibi tí òwú fún mọ́lẹ̀, aró ò ní lè wọ ibẹ̀. Tí ó bá gbẹ, wọ́n á tú òwú náà, iṣẹ́ ọnà funfun á sì yọ lára búlúù.

Mo bá ọ̀kan nínú wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni bí ọgọ́ta ọdún ni. Butterfly ni máṣíìnì tó ń lò, àwọn ará Ṣáínà ló ṣe é, ṣùgbọ́n àwòṣe Singer 15 ni wọ́n tẹ̀ lé. Ìdí nìyẹn tí fúùtì tí wọ́n ṣe fún Singer láyé àwọn bàbá wa ṣe lè wọ ẹsẹ̀ Butterfly tí ẹ rà lánàá. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni kò mọ èyí. Wọ́n rò pé irin àtijọ́, máṣíìnì àtijọ́ nìkan ló wà fún.

Ohun tó yẹ ká wò ni ẹsẹ̀. Mo ní rúlà kékeré kan tí mo so mọ́ ọrùn fún iṣẹ́ yìí. Ẹ sọ ẹsẹ̀ máṣíìnì sílẹ̀, ẹ wọn láti ilẹ̀ títí dé àárín síkúrù tó dì í mú. Tó bá tó ààbọ̀ ínṣì, ẹsẹ̀ kúkúrú ni. Èyí ni Singer dúdú àti Butterfly ń lò. Tó bá tó ínṣì kan, ẹsẹ̀ gíga ni, ti àwọn máṣíìnì indọ́sítírìà. Ẹ̀yà kẹta wà tí ọ̀pá rẹ̀ dagun, tí Singer bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní àwọn ọdún 1950. N kò rí púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹwà irin. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ó sinmi láti jẹun, mo kúnlẹ̀ kí i dáadáa, mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó fa ike bọ́tà kan jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Mẹ́sàn-án ni irin inú rẹ̀. Mo wọ̀n wọ́n níwájú rẹ̀, méje jẹ́ ẹsẹ̀ kúkúrú. Nínú méje yìí ni irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n la ihò tóóró márùn-ún sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì kọ 1 sí 5 sí i. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 36865. Ọkàn mi lù.

"Èyí ò wúlò," ni bàbá wí. "Mo ti gbìyànjú ẹ̀ títí."

Mo tọrọ àyè kí n jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀. Mo mú léèsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti àjákù pọ́pílìnì láti inú báàgì mi. Mo ki etí léèsì bọ ihò kìíní, mo ki etí pọ́pílìnì bọ ìkẹrin, mo wá rán an. Ó rìn lọ láì jẹ́ pé mo fọwọ́ tún un ṣe. Nígbà tí mo gé òwú, etí léèsì fi bín-íntín gun orí etí pọ́pílìnì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ìgbà tí èèyàn fi rúlà fà á. Bàbá gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó yí i padà, ó tún yí i padà. Ó pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kó wá wò.

Mo ti rò pé kò ní tà á mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ó ní òun máa fi sílẹ̀ fún ọmọ náà. Mo fi ọ̀yàyà jẹ́ kó lọ. Irin tí ẹnìkan ń lò kò nílò èmi. Ó ta mẹ́rin nínú àwọn yòókù tí mo tọ́ka sí fún mi àti ẹ̀rọ ihò bọ́tìnì kan tó wà nínú páálí. Ẹ̀rọ yìí máa ń wá pẹ̀lú àwòṣe irin márùn-ún, oríṣiríṣi gígùn ihò. Mẹ́ta ló kù. Irin pẹlẹbẹ tí a fi ń bo eyín máṣíìnì kò sì sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń gbé aṣọ yí ká, nítorí náà tí eyín máṣíìnì bá tún ń fà á, ìjà ló máa dé. Àmọ́ Butterfly mi nílé ní ibi tí mo ti lè tẹ eyín rẹ̀ sílẹ̀. Mo rà á.

Kò sí rọ́fúlà.

Ọjọ́rú, Èkó

Òjò láti Pápálántó títí dé Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta. Mo dé Ìdúmọ̀tà pẹ̀lú bàtà tó kún fún omi. Ẹrù tuntun ló pọ̀ níbẹ̀, òwú, síìpù, orí máṣíìnì nínú páálí. Ọkùnrin kan fi rọ́fúlà hàn mí nínú ọ̀rá, ó búra pé ti Singer alátẹ̀sẹ̀ ni. Òjò ń rọ̀, èrò ń tì mí, mi ò yọ rúlà. Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Sùúrùlérè ni mo wọ̀n ọ́n: ínṣì kan gbáko. Ẹsẹ̀ gíga. Ó dùn mí ju owó tí mo san lọ, torí ohun tí mo ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ mi lójoojúmọ́ ni mi ò ṣe.

Ọjọ́bọ̀, Pópó Àgùdà

Ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Màmá, ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀, nínú ilé àtijọ́ kan tí kò jìnnà sí gbàgede Campos ní Èkó. Àwọn Àgùdà ló tẹ àdúgbò yìí dó, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí àwọn àti ọmọ wọn padà wálé láàárín ọdún 1800 sí 1900. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn: bíríkìlà, káfíńtà, àti aránṣọ lọ́kùnrin lóbìnrin. Ìyá ìyá Màmá rán aṣọ ìgbéyàwó. Màmá fúnra rẹ̀ rán aṣọ títí ọwọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Wọ́n ní irin lo wá wò. Jókòó. O ti jẹun?"

A jẹ fúrẹ́jọ̀n, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè, tó ṣẹ́kù láti àná kí ó tó gbà kí n sọ̀rọ̀ irin. Lẹ́yìn náà ni ó rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Àpótí náà kò tóbi ju bíríkì àmọ̀ kan lọ. Igi óòkù ni, àwọ̀ rẹ̀ ti di ti tábà. Mo ti rí àwòrán irú rẹ̀, mi ò rí i lójúkojú rí. John M. Griest ló gba ìwé àṣẹ fún un ní Amẹ́ríkà ní February 19, 1889, Singer sì ń fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú máṣíìnì. Màmá ò jẹ́ kí n ṣí i. Ó gbé e lé orí itan rẹ̀, ó yọ ìkọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ńṣe ni pákó náà ń ṣí lọ, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì bí ẹní tí wọ́n ń tú, títí gbogbo rẹ̀ fi sùn gbalaja. Irin kọ̀ọ̀kan wà ní ibùgbé tirẹ̀ lórí pákó, wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ dì wọ́n mọ́ ibẹ̀. Àwọn aláṣẹ́tí wà lórí ìlà kan, láti èyí tó fẹ̀ jù dé èyí tó kéré jù. Rọ́fúlà wà lápá ọ̀tún. Irin tó ń fàmì sí ibi tí a óò ti ṣẹ́ pílíìtì wà lókè rẹ̀. Síkúrùdíráfà kékeré náà ní ibùgbé.

Kò sí ibi tó ṣófo. Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, kò sí ibi kankan tó ṣófo.

Mo bi Màmá bí ó ṣe rí i ṣe. Ó ní òfin kan ni ìyá ìyá òun fi lélẹ̀: a kì í pa àpótí náà dé tí irin kan bá ṣì wà lórí máṣíìnì. Mo gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀. Ẹ lè yọ irin kan kí pákó ṣì pa dé, ṣùgbọ́n ojú máa rí àlàfo náà kí ọwọ́ tó dé ìkọ́. Èyí ni àpótí yẹn ń ṣe tí agolo Bournvita kò lè ṣe. Ọ̀gá mi fẹ́ràn àwọn irin rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú agolo, ta ló máa mọ̀ pé ahọ́n ti bọ́ sọnù?

Mo ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú pẹ́ńsù, pákó kan lẹ́yìn òmíràn, pẹ̀lú ohun tó wà lórí rẹ̀. Màmá ń sọ ìlò wọn fún mi. Ó ń pe àwọn kan ní orúkọ tí mi ò gbọ́ rí, mo kọ wọ́n bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Mi ò bẹ̀ ẹ́ kó tà á. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ fún ni pé kí n wo rọ́fúlà rẹ̀ dáadáa, àmọ́ ti inú àpótí náà dàgbà ju tèmi lọ, ahọ́n rẹ̀ sì yàtọ̀. Màmá rẹ́rìn-ín. Ó ní tòun tí òun fi ṣiṣẹ́ nìyí. Ó mú un jáde láti inú àpò aṣọ kékeré kan tó so kọ́ ara máṣíìnì. 86642. Ìkan náà pẹ̀lú ti ọ̀gá mi.

Mo tẹ́ bébà sí abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Mo fi pẹ́ńsù tò ó yí ká, eyín rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú síkúrù rẹ̀. Búlúù dúdú ni irin ahọ́n náà, ó ń dán bí ìyẹ́ agbè, ó sì rọ̀ débi pé ó ń tẹ̀ tí mo bá fi ìka kàn án, á sì padà sí ààyè rẹ̀. Irin tí wọ́n fi iná mú le ni, kò sí bí alágbẹ̀dẹ ìdíkọ̀ ṣe lè gé agolo láti fi ṣe irú rẹ̀. Mo ká bébà náà sínú ìwé àdúrà tó wà nínú báàgì mi kó má bàa rún.

Ọjọ́ Ẹtì, Mùṣín

Ilé ẹni tó ń tún máṣíìnì ṣe ni mo lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó kún fún irin ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ní kí n máa wá ohun tí mo ń wá, òun fẹ́ lọ kí Jímọ̀. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń kó wọn jáde. Àwọn páńda tí wọ́n fi idẹ kùn lára kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n fúyẹ́, wọn kò ní nọ́ńbà. Mo ti dé ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì kí n tó rí i.

Ẹnìkan ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tàbí kí mọ́tò gorí rẹ̀. Fọ́ọ̀kì rẹ̀ ti ká sẹ́yìn, òkè rẹ̀ ti pẹlẹbẹ. Àmọ́ lábẹ́ ìdọ̀tí náà, mo rí búlúù. Mo tẹ́ bébà Màmá sórí itan mi, mo gbé ahọ́n náà lé e. Eyín bá eyín mu, ihò síkúrù bá ihò mu. Mo ké "Olúwa o ṣeun" débi pé ìyá alákàrà tó wà níwájú wo ẹ̀yìn.

Nígbà tí ọ̀gá náà dé, a ná an. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló kọ́kọ́ pè é.

"Ẹ wò ó, ó ti kú. Fọ́ọ̀kì ẹ̀ ti ká."

"Tó bá ti kú, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ìbéèrè rẹ̀ dára, mi ò lè purọ́ fún un. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó gba ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀, ó sì fẹ́ bá mi tú síkúrù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ti mú síkúrùdíráfà ńlá. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Ìlà tó yí ara síkúrù Singer ká yàtọ̀, kì í sábà bá èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà mu. Tí orí rẹ̀ bá jẹ, ó parí. Ó fún mi ní kẹrosíìnì nínú ìdérí ike, mo rì í síbẹ̀, mo sì gbé e padà sí Sùúrùlérè bí ẹni gbé ẹyin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìbàdàn

Ọkọ̀ òwúrọ̀ ni mo wọ̀ padà. Kí ń tó bọ́ aṣọ ìrìn-àjò, mo ti tẹ́ kálíkò.

Irin mẹ́rìnlélógún ni mo kó dé, pẹ̀lú ti ọ̀gá mi. Mo kọ́kọ́ pín wọn sí méjì: ẹsẹ̀ kúkúrú lápá kan, ẹsẹ̀ gíga lápá kejì, pẹ̀lú rọ́fúlà Ìdúmọ̀tà yẹn, tí mo máa fún aládùúgbò mi tó ní indọ́sítírìà. Lẹ́yìn náà ni mo pín wọn nípa iṣẹ́: àwọn tó ń ṣẹ́tí, àwọn tó ń lé nǹkan mọ́ etí, àwọn tó ń sún aṣọ jọ, àwọn tó kàn ń tọ́nà. Ìpín kẹta ló gba àkókò jù, kí n wo ohun tó sọnù lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ sára àpò ìwé: "àwòṣe méjì kù", "kò ní síkúrù", "imú tẹ̀, a lè tún un ṣe". Nígbà míì tí mo bá tún rí òkú irin nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, màá mọ ẹni tí mo máa mú nǹkan lára rẹ̀ fún.

Ọmọ iṣẹ́ mi ń fọ̀ wọ́n. Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni. Mi ò gbà kó fi súpọ́ǹjì onírin kàn wọ́n, torí ó ń bó funfun tí wọ́n fi bo irin náà, ìpẹtà á sì gba ibẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn kẹrosíìnì, aṣọ gbígbẹ, lẹ́yìn aṣọ gbígbẹ, epo máṣíìnì ẹ̀kán kan níbi tí irin ti ń lọ tó ń bọ̀.

Síkúrù àkọ́kọ́ gbọ̀n, ó tú. Èkejì kò gbà. Mo tún fún un ní wákàtí kan, mo fi ẹ̀yìn síkúrùdíráfà lù ú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, mo tún gbìyànjú. Ó tú. Mo fà ahọ́n méjèèjì jáde, mo nù wọ́n, mo gbé wọn wọ ara rọ́fúlà ọ̀gá mi. Síkúrù kọ̀ọ̀kan yí wọlé láìjà.

Mo so ó mọ́ ọ̀pá ẹsẹ̀. Mo ki fọ́ọ̀kì mọ́ síkúrù abẹ́rẹ́. Kí n tó tẹ ẹsẹ̀, mo fi ọwọ́ yí àgbá rẹ̀ yípo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí n rí i pé abẹ́rẹ́ kò kan irin kankan. Mo fi sí 1. Mo gé kálíkò yáàdì méjì, mo kì í bọ àárín ahọ́n.

"Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́, mà," ni ọmọ iṣẹ́ mi wí.

Mo dìde fún un. Ó ń dún ták-ták-ták, ó yàtọ̀ sí ìró máṣíìnì lásán. Aṣọ ń jáde lẹ́yìn ẹsẹ̀ ní wíwẹ́, bí omi odò tí atẹ́gùn ń fẹ́. Mo wọ̀n ọ́n: ó ju yáàdì kan lọ díẹ̀. Mo yí síkúrù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ kí ahọ́n lè gbé aṣọ púpọ̀ sí i, a tún rán òmíràn, ó sì bọ́ sí yáàdì kan géérégé.

A bẹ̀rẹ̀ gáùn àkọ́kọ́ ní aago méje alẹ́. Wọ́n mú iná lọ nígbà tí a wà lórí ìlà kejì. Ọmọ iṣẹ́ mi tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀, ó gbé e kọ́ sí apá máṣíìnì, ó sì ń tẹ ẹsẹ̀ lọ.